Bí A Ṣe Ń Wá Nǹkan Tó Fara Pamọ́ Nínú Ìṣirò

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Ofẹ̀, ní ilẹ̀ Ṣábẹ̀

  

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Láti àárọ̀ ni ẹ ti wà lóko. Síbẹ̀ ẹ wá. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ òógùn ojú yín. Ó jẹ mọ́ owó tó yẹ kó wọ àpò yín. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ mú ìwé àti gègé yín. Ohun tí mo bá kọ sára pátákó, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn kan.

ÌYÁ KAN ÀTI ÒWÚ RẸ̀

Ìyá kan wà tó ń gbin òwú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ abúlé rẹ̀. Ó ti kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà. Nígbà tí wọ́n ń wọn òwú rẹ̀, ó mú ìwé kékeré kan dání. Bí wọ́n ti ń wọn ẹrù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló ń kọ kílò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹrù 20 ni wọ́n wọ̀n. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 980 kílò.

Ọjọ́ owó dé. Wọ́n fún un ní 186,000 fránkì pẹ̀lú ìwé kan. Ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ sínú ìwé náà:

Owó kílò kan: 300 fránkì.
Gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò: 84,000 fránkì.
Owó tó kù fún un: 186,000 fránkì.

Owó kílò náà kò ní àbùkù. 300 fránkì ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi lé kílò òwú tó dára jù fún ìkórè ọdún 2022 sí 2023. Gbèsè náà kò ní àbùkù. Ìyá náà mọ iye àpò ajílẹ̀ tó gbà. Ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iye kílò sí, òfìfo ni.

Ìyá náà wá bá mi. Ó ní: “Ọmọ mi, wọ́n ti san owó mi. Ṣùgbọ́n kílò mélòó ni wọ́n san owó rẹ̀?”

Mo ní: “Ìyá, ìwé yìí kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi pamọ́ fún wa. A ó wá a rí.”

Ẹ jẹ́ ká jọ wá a.

Ẹ FÚN UN LÓRÚKỌ

Ohun tí a kò mọ̀ kò gbọdọ̀ dẹ́rù bà wá. Bí àlejò kan bá wọ ìlú, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, “àlejò” la ó máa pè é títí a ó fi mọ̀ ọ́n. Bákan náà ni nínú ìṣirò. Iye tí a kò tíì mọ̀, a ó fún un ní orúkọ kékeré kan. Lónìí a ó pè é ní n. Lẹ́tà yìí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, “nǹkan”.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀mọ̀wé kan wà ní ìlú Baghdad tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi. Ó kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá, kí àwọn ènìyàn lè mọ bí a ṣe ń pín ogún, bí a ṣe ń ṣírò òwò, àti bí a ṣe ń wọn ilẹ̀. Kò lo lẹ́tà bíi tiwa yìí. Iye tí kò mọ̀, “nǹkan” ni òun náà pè é ní èdè tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú orúkọ ìwé náà: al-jabr. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a dá ohun tó ti kúrò padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń lò fún títo eegun tó ṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni orúkọ tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti wá: áljẹ́brà. Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan ni. Ogún, òwò àti ilẹ̀ ló mú kí ọkùnrin náà kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni.

Ó yá. Kí ni wọ́n ṣe sí kílò ìyá náà kó tó di owó? Nǹkan méjì ni wọ́n ṣe.

Èkíní: wọ́n fi 300 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí kílò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 300 fránkì.
Èkejì: wọ́n yọ gbèsè 84,000 kúrò.

Ohun tó kù ni 186,000. A ó kọ ọ́ báyìí:

300 × n − 84,000 = 186,000

Ẹ wo ilà méjì kékeré yẹn: =. Ó ń sọ pé ohun tó wà lápá òsì àti ohun tó wà lápá ọ̀tún dọ́gba. Ọmọ ilẹ̀ Wales kan, Robert Recorde, ló kọ́kọ́ lò ó nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1557. Ó ní òun yan ilà méjì tó gùn bákan náà, nítorí pé kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Nítorí náà, a ó pe gbólóhùn tó ní àmì yìí láàárín ní ìdọ́gba.

OHUN TÍ A ṢE KẸ́YÌN NI A Ó KỌ́KỌ́ TÚ

Ẹ rántí bí a ṣe ń ru igi láti oko. A ó kó igi jọ. A ó fi okùn dì í. A ó gbé e rù. Nígbà tí a bá délé, ṣé orí la ti máa ń tú okùn? Rárá o. A ó kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó tú okùn. Ohun tí a ṣe kẹ́yìn ni a ń kọ́kọ́ tú.

Nínú ìṣirò, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní èyí tó ń tú u:

Bí wọ́n bá ti yọ nǹkan kúrò, a ó dá a padà.
Bí wọ́n bá ti fi nǹkan kún un, a ó yọ ọ́ kúrò.
Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ di púpọ̀, a ó pín in.
Bí wọ́n bá ti pín in, a ó sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ má sọ pé ó le. Ojoojúmọ́ ni ẹnu yín ń ṣe é. Kí la ń pe 45? Márùndínláàádọ́ta. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ wí: márùn-ún dín nínú àádọ́ta. Àádọ́ta náà ńkọ́? Ẹ̀wá dín nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta ńkọ́? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Gbogbo ìyẹn la fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe bí ẹni pé a gbàgbé ogún mélòó ni:

20 × n − 10 − 5 = 45

A ó tú u láti ẹ̀yìn. Wọ́n yọ 5 kúrò kẹ́yìn, a ó dá 5 padà: 45 di 50. Wọ́n yọ 10 ṣáájú ìyẹn, a ó dá 10 padà: 50 di 60. Wọ́n fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀ ní àkọ́kọ́, a ó pín 60 sí ọ̀nà 20: ó di 3. Ogún mẹ́ta ni. Àwọn bàbá wa tó fún àwọn iye yìí lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

OHUN TÍ A BÁ FÚN TÁYÉ, A Ó FÚN KẸ́HÌNDÉ

Òfin kan ṣì kù. Ìyá ìbejì mọ̀ ọ́n. Bí ó bá fún Táyé ní àkàrà kan, yóò fún Kẹ́hìndé ní àkàrà kan. Bí ó bá gba ọ̀kan lọ́wọ́ Táyé, yóò gba ọ̀kan lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìjà dé.

Apá òsì àti apá ọ̀tún ìdọ́gba, ìbejì ni wọ́n. Wọ́n dọ́gba. Bí a bá fẹ́ kí wọ́n máa dọ́gba lọ, ohun tí a bá ṣe sí ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ ṣe é sí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa.

300 × n − 84,000 = 186,000

Kí ni wọ́n ṣe kẹ́yìn? Wọ́n yọ 84,000 kúrò. Nítorí náà a ó dá 84,000 padà, lápá méjèèjì:

300 × n = 186,000 + 84,000
300 × n = 270,000

Kí ló kù lára n? 300 tó sọ ọ́ di púpọ̀. A ó pín apá méjèèjì sí ọ̀nà 300:

n = 270,000 ÷ 300
n = 900

Owó 900 kílò ni wọ́n san fún un.

Ẹ má tíì fi gègé sílẹ̀. Ẹni tó ka owó ní ọjà a máa tún un kà. Ẹ fi 900 sí ipò n, kí ẹ wò ó. 300 lọ́nà 900 jẹ́ 270,000. Ẹ yọ 84,000 kúrò, ó ku 186,000. Ó bá ìwé mu. Nípa báyìí, ẹ lè mọ̀ fúnra yín bóyá ìdáhùn tọ́, kí olùkọ́ tó sọ ohunkóhun.

Ẹnì kan lè bi mí pé: “Bí a bá kọ́kọ́ pín in ńkọ́?” Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀. 186,000 tí a pín sí ọ̀nà 300 jẹ́ 620. Bí a bá wá fi 84,000 kún un, ó di 84,620 kílò. Oko ìyá kan ṣoṣo? Ẹ rí i pé kò ṣeé gbọ́. Àṣìṣe náà ni pé a pín apá ọ̀tún, a pín 300 × n, ṣùgbọ́n a gbàgbé láti pín gbèsè náà. Bí a bá máa pín, gbogbo ohun tó wà nínú ilé la ó pín. 84,000 tí a pín sí ọ̀nà 300 jẹ́ 280. 620 àti 280 jẹ́ 900. Ó tún bọ́ sípò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àkọ́kọ́ rọrùn jù: ohun tí a ṣe kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.

80 KÍLÒ DÀ?

Ìyá wa kọ 980. Wọ́n san owó 900. Níbo ni 80 kílò wọlé sí?

Ìyá náà rántí nǹkan kan. Aṣọ ni wọ́n fi ń di òwú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Aṣọ kì í ṣe òwú. Ó tọ́ kí wọ́n yọ kílò aṣọ kúrò. Ẹrù 20, aṣọ 20. Ṣùgbọ́n kílò mélòó ni wọ́n yọ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan? Ìwé kò sọ ìyẹn náà. A ó tún pè é ní n:

980 − 20 × n = 900

Ohun tí wọ́n yọ lápapọ̀ ni a fi 980 jùlọ sí 900. Nítorí náà:

20 × n = 80
n = 80 ÷ 20
n = 4

Kílò 4 ni wọ́n yọ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá náà kò pariwo. Kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ó mú aṣọ kan lọ bá àwọn tó ń bójú tó ìwọ̀n. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n wọn aṣọ náà lófìfo lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Kílò 2 ni.

Ojú là. Àwọn tó ń wọ̀n sọ pé ní àtijọ́, aṣọ tó nípọn ni wọ́n ń lò, tó jẹ́ kílò 4. Aṣọ ti yí padà, wọ́n sì gbàgbé láti yí iye náà padà. Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n àṣìṣe náà ń jẹ nínú owó àgbẹ̀. Kílò 2 lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 600 fránkì. Ẹrù 20, ìyẹn 12,000 fránkì. Wọ́n san 12,000 náà fún un.

Àwọn àgbẹ̀ mìíràn náà dìde. Ẹni tó kọ iye ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n san tirẹ̀ fún un. Ẹni tí kò kọ ọ́, tí kò sì rántí, kò rí ohun tí yóò sọ. Ọgbọ́n tí mo ń kọ́ yín yìí lè wá ohun kan tó fara pamọ́, bí a bá mọ ìyókù. Bí nǹkan méjì bá fara pamọ́, tí ìdọ́gba sì jẹ́ ẹyọ kan, kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé kékeré kan, gègé kan. Ìyẹn ni ẹlẹ́rìí yín.

KÁJÚ: ABÚLÉ TÀBÍ ÌLÚ?

Nígbà mìíràn n máa ń wà lápá méjèèjì. Ẹ wo èyí.

Ká ní oníṣòwò kan ń ra kajú ní abúlé, 250 fránkì fún kílò kan. Ní ọjà ìlú, 300 ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ ń gba 6,000 fránkì, ẹrù ì báà pọ̀, ì báà kéré. Kílò mélòó ni owó méjèèjì fi máa dọ́gba?

Ìlú: 300 × n − 6,000
Abúlé: 250 × n

300 × n − 6,000 = 250 × n

Ẹ mú n wá sí apá kan. Ẹ yọ 250 × n kúrò lọ́wọ́ Táyé, ẹ yọ ọ́ lọ́wọ́ Kẹ́hìndé:

50 × n − 6,000 = 0

Ẹ dá 6,000 padà lápá méjèèjì:

50 × n = 6,000

Ẹ pín in sí ọ̀nà 50:

n = 120

Ẹ dán an wò. Ní ìlú, 120 kílò jẹ́ 36,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ó ku 30,000. Ní abúlé, 250 lọ́nà 120 jẹ́ 30,000. Wọ́n dọ́gba.

Kí ni ìyẹn ń kọ́ wa? Bí kajú yín kò bá tó 120 kílò, ẹ tà á ní abúlé. Bí ó bá ju 120 lọ, ìlú ló sàn. Ẹni tó ní 80 kílò, 20,000 ni yóò rí ní abúlé, 18,000 péré ni yóò kù fún un bí ó bá lọ sí ìlú. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 80 kílò bá kó o pọ̀ sínú ọkọ̀ kan, ó di 240 kílò. Ní ìlú, ìyẹn jẹ́ 72,000. Ẹ yọ owó ọkọ̀, ó ku 66,000. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú 22,000 lọ sílé. Àjọṣe ti fi 2,000 kún owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye owó lè yí padà lọ́dọọdún. Ẹ fi iye ọdún yín sí i, ọ̀nà náà kò yí padà.

IṢẸ́ ÌDÁNWÒ

Ẹ ṣe àwọn yìí nílé. Ẹ má wo ìdáhùn kí ẹ tó ṣe é.

1. Ìyá kan ra àpò gàrí 6. Ó san 4,000 fránkì fún ọkọ̀. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ jẹ́ 64,000. Èló ni àpò kan?
6 × n + 4,000 = 64,000

2. Ẹgbẹ́ kan ní 5,000 fránkì nínú àpótí. Àwọn 15 dá owó, iye kan náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá. Owó àpótí di 35,000. Èló ni ẹnì kọ̀ọ̀kan dá?
15 × n + 5,000 = 35,000

3. Ẹni mẹ́ta wọ ọkọ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan san owó ọkọ̀, ó sì fi 500 kún un fún ẹrù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10,500. Èló ni owó ọkọ̀ ẹnì kan?
3 × (n + 500) = 10,500
Ohun tó wà nínú àkámọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nítorí náà, òun la ó tú kẹ́yìn.

Ìdáhùn: 1. 10,000 fránkì. 2. 2,000 fránkì. 3. 3,000 fránkì.

Bí ìdáhùn yín kò bá bá èyí mu, ẹ má bínú. Ẹ fi iye tí ẹ rí sí ipò n, ẹ ó rí ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti fẹ́ parí. Ẹ jẹ́ ká ka ohun mẹ́rin yìí pọ̀ kí a tó tú ká:

Ẹ fún ohun tí ẹ kò mọ̀ lórúkọ.
Ohun tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ tú u.
Ohun tí ẹ bá ṣe sí apá kan, ẹ ṣe é sí èkejì.
Ẹ dá ìdáhùn padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ wò ó.

Nígbà tí wọ́n bá tún fún yín ní ìwé tí ibì kan ṣófo nínú rẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ka sí i kíákíá. Ẹ jókòó. Ẹ kọ n síbi tó ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè.